Ojú ECD mú, àmọ́ kì í dá ojú mọ̀: àyẹ̀wò àwọn ditẹ́kítọ̀ GC fún oògùn apakòkòrò nínú ẹ̀wà àti kòkó

Bí àwọn tó ń ta GC (gas chromatograph, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì ti àpẹẹrẹ gba inú kọ́lọ́ọ̀mù, ìyẹn páìpù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí àwọn ohun inú rẹ̀ lè máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú ditẹ́kítọ̀ tó ń rí wọn) bá fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́, nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sókè ni ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí ditẹ́kítọ̀ wọn lè rí. Ní ti micro-ECD (ECD kékeré, ditẹ́kítọ̀ tó ń mọ àwọn ohun tó ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mì) tó wà lórí GC 7890 ti ilé iṣẹ́ Agilent, ìwọ̀n náà tó nǹkan bí fẹ́mítógíráàmù 6 ti lindane, oògùn apakòkòrò kan, nínú mL gáàsì kan. Irọ́ kọ́ o. Ẹni tó bá fi náítírójìn tó mọ́ àti omi òdiwọ̀n (èyí tí a ti mọ iye oògùn inú rẹ̀) inú hexane, omi kẹ́míkà tó mọ́, dán an wò yóò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni pé ẹ̀wà kì í ṣe hexane, kòkó kì í ṣe hexane, ditẹ́kítọ̀ tí ojú rẹ̀ sì mú tó bẹ́ẹ̀ yóò rí ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò rán an wá.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ibi tí a dúró sí. Láàbù tó ń wá lindane, DDT, endosulfan àti àwọn ẹbí wọn, àwọn oògùn apakòkòrò oníkílórììnì, nínú kòkó, omi tàbí ilẹ̀ kò ní kábàámọ̀ micro-ECD, bí gáàsì rẹ̀ bá mọ́. Láàbù tó jẹ́ pé DDVP (oògùn inú Sniper, tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì) inú ẹ̀wà ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, kó kọ́kọ́ ra FPD, ditẹ́kítọ̀ tó ń wo ìmọ́lẹ̀ inú iná. Ẹni tí èsì rẹ̀ ń bá ẹrù lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn méjèèjì kò tó o láìsí MS (mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo dá ohun mọ̀) lẹ́yìn wọn.

Ìdí tí ojú ECD fi mú tó bẹ́ẹ̀ ni níkẹ́ẹ̀lì-63, irin ìtànṣán tí wọ́n fi tẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀: 555 MBq, èyí tí àwọn àgbà láàbù ṣì ń pè ní 15 millicurie. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń tú jáde lára rẹ̀ ń kọlu náítírójìn, ìkọlù náà sì ń bí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn tí kò fi bẹ́ẹ̀ yára mọ́. Ẹ̀rọ ń fi iná mànàmáná kó wọn jọ lóòrèkóòrè. Bí ohun tó ní kílórììnì, brómììnì tàbí fúlúórììnì bá ń kọjá, á gbé lára wọn mì, ẹ̀rọ á sì ní láti túbọ̀ máa kó wọn jọ léraléra kí iná tó ń gbà má bàa dín. Iye ìgbà tó ń kó wọn jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni Hz tí ẹ ń rí lójú ẹ̀rọ. James Lovelock ló ṣe irú ditẹ́kítọ̀ yìí ní 1957 ní England. Òun kan náà ló gbé e wọ ọkọ̀ òkun Shackleton ní 1971, tó sì fi rí CFC, gáàsì inú fíríìjì àti agolo ìfín, káàkiri inú afẹ́fẹ́ ojú òkun Atlantic. Ohun tí Agilent tún ṣe sí i ni pé wọ́n sọ ihò sẹ́ẹ̀lì di 150 µL péré, kí góńgó (òkè tí ohun kọ̀ọ̀kan ń yọ lórí ìlà tí ẹ̀rọ ń fà) tó tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú kọ́lọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ má bàa fẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká fi ẹ̀wà ṣe ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni ìwé ìpolówó ti máa ń tú. Ní oṣù kẹfà 2015, EU ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos, ìyẹn DDVP tí ọjà mọ̀ sí Sniper tàbí ota-piapia. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà náà wà láàárín 0.03 sí 4.6 mg/kg, bẹ́ẹ̀ òdiwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà kò ju 0.01 mg/kg lọ. 0.01 yẹn ni ditẹ́kítọ̀ yín gbọ́dọ̀ lè rí láìsí iyèméjì.

Ìlànà QuEChERS (ọ̀nà kíákíá láti yọ oògùn jáde nínú oúnjẹ) tó wà nínú EN 15662, ìwé ìlànà Yúróòpù, ni ọ̀pọ̀ láàbù ń tẹ̀ lé. Ẹ lọ ẹ̀wà pẹ̀lú yìnyín gbígbẹ, nítorí DDVP máa ń fẹ́ lọ bí ẹ̀rọ ìlọta bá gbóná. Ẹ wọn 5 g, ẹ bu omi tútù 10 mL sí i, ẹ jẹ́ kó rin. Ẹ wá da acetonitrile, omi kẹ́míkà tó ń fa oògùn jáde, 10 mL sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ni magnesium sulphate 4 g, iyọ̀ 1 g, àti sítíréètì oríṣi méjì, 1 g àti 0.5 g. Ẹ tún gbọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí magnesium sulphate má bàa dì sí ìdí ike, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ yí i. Acetonitrile tó bá lé sókè ni a ń fi PSA (ìyẹ̀fun tó ń fa ìdọ̀tí mọ́ra) 25 mg àti magnesium sulphate 150 mg fọ̀ fún mL kọ̀ọ̀kan.

Nínú mL kan acetonitrile yìí, ẹ̀wà 0.5 g ló wà níbẹ̀. Bí DDVP bá wà nínú ẹ̀wà ní 0.01 mg/kg gẹ́lẹ́, µL kan tí abẹ́rẹ́ bá gún wọlé gbé píkógíráàmù 5 péré dání. Ká ní góńgó rẹ̀ fẹ̀ tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ditẹ́kítọ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.7 pg ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá jẹ́ lindane ni, tí gáàsì inú sẹ́ẹ̀lì sì ń ṣàn ní 60 mL ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn mL kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí fi nǹkan bí ìlọ́po 280 ju ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí ECD lè rí. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní kí wọ́n máa gbé ECD bọ̀. Àmọ́ DDVP kì í ṣe lindane. Lindane ní kílórììnì mẹ́fà, DDVP ní méjì. Èyí tó tún burú jù ni pé DDVP wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ jáde láti inú kọ́lọ́ọ̀mù, nígbà tí ìrù acetonitrile kò tíì balẹ̀, tí àwọn nǹkan kéékèèké inú ẹ̀wà náà ń jáde pọ̀. Orí ìlà tó ń dagun bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí góńgó lóòótọ́. Ta ló ni ín ni ìbéèrè.

Ibẹ̀ ni FPD ti wúlò. Ó ń dáná sun ohun gbogbo nínú iná tí háídírójìn pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń fi gíláàsì asẹ́ wo ìmọ́lẹ̀ 526 nm tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń tàn. Bí ẹ bá pààrọ̀ gíláàsì náà sí 394 nm, imí ọjọ́ ló ń wò. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jẹ́ ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo DDVP, nítorí náà 5 pg yẹn ní 0.7 pg fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìyẹn 0.23 pg ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀n tí Agilent kọ fún FPD orí 7890 ni 0.06 pg, ti FPD Plus tó dé lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 0.045 pg. A ti wà ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún péré. Ààyè há, a kò ní pa irọ́. Ṣùgbọ́n ìlà ìsàlẹ̀ FPD máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ẹ̀wà, góńgó tó bá sì yọ lórí ìlà tó tẹ́ ṣeé gbára lé ju góńgó ńlá tó yọ nínú igbó lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ààyè sí i, ẹ gún 2 µL láìpín in, pẹ̀lú láínà (gíláàsì kékeré inú ibi tí abẹ́rẹ́ ń gún) tó lè gba ooru acetonitrile, nítorí omi yẹn máa ń wú gan-an bó bá di ooru. Ẹ má fi náítírójìn fẹ́ ẹ gbẹ láti fi kí i pọ̀: DDVP á bá acetonitrile lọ. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ, kó fi ìwọ̀nba omi tí kì í tètè gbẹ sí ìdí rẹ̀, kó sì dáwọ́ dúró kó tó gbẹ tán.

FPD ní àléébù tirẹ̀. Ẹ má tàn án nígbà tó tutù. Ó yẹ kó ti kọjá 120 °C, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi tí iná ń bí á dì sínú rẹ̀, ìlà á sì máa já wálẹ̀ já sókè. Fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, háídírójìn 75 mL àti afẹ́fẹ́ 100 mL ní ìṣẹ́jú kan ni FPD 7890 ń fẹ́; ẹni tó bá fi iye ti imí ọjọ́, ìyẹn 50 àti 60, sílẹ̀ láìyí i padà, á rí i pé góńgó rẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ gbé dígí tó tutù sí ẹnu ihò tí èéfín ń bá jáde: bí kò bá ṣú, iná kò jó. Ẹ má sì ṣe ṣí ilé gíláàsì asẹ́ nígbà tí iná mànàmáná ṣì wà lára ojú rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ yàrá lásán tó láti bà á jẹ́. Lórí àlùbọ́sà àti aáyù, ìmọ́lẹ̀ imí ọjọ́ máa ń yọ́ wọ inú asẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ẹ kíyè sára níbẹ̀.

NPD, ditẹ́kítọ̀ fún náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ńkọ́? Lórí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ mú ju ti FPD lọ, gáàsì tó sì ń jẹ kéré: háídírójìn 3 mL, afẹ́fẹ́ 60 mL. Wàhálà rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó ń gbóná láàárín rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń jẹra díẹ̀díẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì ń yí láti ọjọ́ dé ọjọ́, tó fi jẹ́ pé omi òdiwọ̀n gbọ́dọ̀ máa wà láàárín àwọn àpẹẹrẹ, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Dichloromethane máa ń tètè pa á. Acetonitrile fúnra rẹ̀ ní náítírójìn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ sé háídírójìn nígbà tí acetonitrile bá ń kọjá, kí ẹ tó ṣí i padà. Lórí ẹ̀wà, ó ṣeé fara dà. Lórí kòkó, a kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú: theobromine àti caffeine wà nínú kòkó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní náítírójìn mẹ́rin, NPD kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Àwọn ló máa gba gbogbo pápá.

FID, ditẹ́kítọ̀ tí gbogbo láàbù ní, kò wúlò níbí rárá. Kábọ́ọ̀nù ló ń kà, ìwọ̀n tó kéré jù lọ tó ń rí wà ní nǹkan bí 1.4 pg kábọ́ọ̀nù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ DDVP wa kò mú ju 0.36 pg lọ wá. Kódà bó rí i, gbogbo òróró inú ẹ̀wà ló máa rí pẹ̀lú rẹ̀.

Kòkó ni ilé ECD. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àgbẹ̀ wa fi fín Gammalin 20 sórí igi kòkó. Lindane ni Gammalin 20, lindane sì ti wọ ìwé àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí àwọn kẹ́míkà tí kì í tètè jẹrà, láti 2009. Kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀. Ìṣòro kòkó ni ọ̀rá: nǹkan bí ìdajì èso inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, PSA nìkan kò sì lè kó o. Ẹ gbé acetonitrile náà sínú fírísà mọ́jú, kí ọ̀rá dì, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó fi C18, ìyẹ̀fun tó ń fa ọ̀rá mọ́ra, kún PSA. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí ń fi ọ̀rá kun láínà rẹ̀, láínà tó bá sì dọ̀tí ń fọ́ DDT sí DDE àti DDD kó tó wọ kọ́lọ́ọ̀mù. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ gún DDT àti endrin (oògùn mìíràn tó máa ń fọ́ bẹ́ẹ̀) nìkan, kí ẹ wo bóyá DDE, DDD, endrin aldehyde àti endrin ketone yọ. Ìlànà 8081 ti EPA, àjọ ìdáàbòbò àyíká ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí ìfọ́sí ọ̀kọ̀ọ̀kan má kọjá ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá kọjá, ẹ pààrọ̀ láínà àti èdìdì ìdí rẹ̀, ẹ gé ẹnu kọ́lọ́ọ̀mù díẹ̀, ẹ tún un gún. Ẹ má ṣe dá ditẹ́kítọ̀ lẹ́bi kí ẹ tó ṣe ìyẹn.

Nípa gáàsì ni ọ̀pọ̀ ECD ń kú sí. Kọ́lọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè tú gáàsì tó tó fún sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà a ń fi náítírójìn àfikún ti ohun tó ń jáde wọlé, 60 mL ní ìṣẹ́jú kan ni ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi kún un, ìlà á túbọ̀ balẹ̀, àmọ́ góńgó á kéré, nítorí bí nǹkan ṣe kí tó nínú gáàsì ni ECD ń wò. Náítírójìn yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ 99.999%. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn alájòópọ̀ irin kò ṣeé lò, ọ́síjìn àti omi inú rẹ̀ ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mì bí kílórììnì ṣe ń gbé e mì. Ẹ fi asẹ́ omi ṣíwájú, asẹ́ ọ́síjìn lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń yí àwọ̀ padà bó bá kún. Páìpù bàbà tàbí irin ni kí ẹ lò. Ọ́síjìn ń wọ inú ike gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ má lo gáàsì inú sìlíńdà títí dé ìsàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó dín ju 35 bar lọ, nítorí ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ á wọlé. Bí ẹ bá sì gbé sìlíńdà tuntun wọlé, ẹ jẹ́ kí gáàsì fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ́gúlétọ̀ kí ẹ tó so ó. Hz tó dédé fò sókè lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ sìlíńdà, afẹ́fẹ́ inú rẹ́gúlétọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí Hz bá ga ju bó ṣe máa ń rí lọ tí kò sì wálẹ̀, ẹ má sáré sun ún níná. Ẹ kọ́kọ́ yọ kọ́lọ́ọ̀mù, ẹ dí ẹnu ditẹ́kítọ̀, ẹ fi gáàsì àfikún sílẹ̀ kó máa ṣàn. Bó bá wálẹ̀, inú kọ́lọ́ọ̀mù tàbí ibi tí abẹ́rẹ́ ń gún ni ìdọ̀tí ti ń wá, sẹ́pítọ̀ọ̀mù (rọ́bà tí abẹ́rẹ́ ń gún kọjá) tó ti gbó ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ wo asẹ́ àti sìlíńdà. Ìgbà tí àwọn wọ̀nyí bá mọ́ ni kí ẹ wá gbé ditẹ́kítọ̀ dé 350 sí 375 °C, àdògán tí kọ́lọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ ní 250 °C, gáàsì àfikún ní 60 mL, fún wákàtí mélòó kan tàbí mọ́jú. Góńgó tó ń rì sí ìsàlẹ̀ ìlà lẹ́yìn góńgó ńlá jẹ́ àmì pé sẹ́ẹ̀lì ti dọ̀tí. A kò gbọ́dọ̀ ṣí sẹ́ẹ̀lì náà láti fọ̀ ọ́, a kò gbọ́dọ̀ da hexane sínú rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé e kọjá 400 °C. Níkẹ́ẹ̀lì-63 wà níbẹ̀.

Àwọn góńgó èké tó wọ́pọ̀ jù lọ lórí ECD ni phthalate, ohun tó ń mú ike rọ̀. Ó ń wá láti ìbọ̀wọ́, láti ike tí a ń fún omi jáde, láti ọ̀rá tí wọ́n di àpẹẹrẹ sí. Nínú ilẹ̀ àti ẹrẹ̀ odò, imí ọjọ́ ni. Ẹ fi ìyẹ̀fun bàbà tó mọ́ gbọ̀n ọ́n jáde. Nítorí èyí ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ECD kan, kọ́lọ́ọ̀mù kan, kọ èsì. Dieldrin àti DDE ń sún mọ́ra gan-an lórí kọ́lọ́ọ̀mù DB-5. Bí ẹ bá ń ra micro-ECD, ẹ ra méjì, ẹ pín abẹ́rẹ́ kan sí DB-5 àti DB-1701, kọ́lọ́ọ̀mù irú mìíràn, ẹ fi èkejì yẹ èkíní wò.

Síbẹ̀, ìyẹn kò tẹ́ Yúróòpù lọ́rùn. Ìlànà SANTE, ìwé EU lórí àyẹ̀wò oògùn apakòkòrò, tí àwọn láàbù wọn ń tẹ̀ lé kò ka ECD, FPD tàbí NPD sí ẹ̀rí ìdánimọ̀ tó tó, kódà pẹ̀lú kọ́lọ́ọ̀mù méjì. Wọ́n fẹ́ MS: ìgbà ìjáde tí kò yàtọ̀ ju 0.1 ìṣẹ́jú lọ, àti ó kéré tán áyọ́nù méjì tí ìṣirò wọn bá ti omi òdiwọ̀n mu láàárín ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún DDVP, MS onípele mẹ́ta ń wo áyọ́nù oníwúwo 185 tó ń fọ́ sí 93, àti 109 tó ń fọ́ sí 79. Láàbù tí owó rẹ̀ kò tó èyí lè fi FPD ṣa àpò tó mọ́ kúrò nínú èyí tó kó ìfura, kó wá gbé àwọn tó kó ìfura nìkan lọ sí láàbù tó ní MS. Bó ṣe yẹ kí owó máa lọ nìyẹn.

Ẹ fi owó UPS tó lè gbé GC dúró kún owó ẹ̀rọ, kò sí àtúnrò níbẹ̀. Bí iná bá lọ tí kọ́lọ́ọ̀mù ṣì gbóná, gáàsì á dúró, ọ́síjìn á sì wọlé bá a. Nígbà tí iná bá dé, ẹ jẹ́ kí gáàsì kọ́kọ́ ṣàn fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó gbé iná sí àdògán àti ditẹ́kítọ̀. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ má ti gáàsì ECD.

Lórí ECD tòkunbọ̀: ó tó nǹkan bí 100 ọdún kí níkẹ́ẹ̀lì-63 tó dín sí ìdajì, nítorí náà ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó dẹ́rù bà yín. Ìwé rẹ̀ ni. Ní Nàìjíríà, NNRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ló ń fún ni láṣẹ láti kó irin ìtànṣán wọlé àti láti tọ́jú rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tó fi nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì àti agbára rẹ̀ hàn, àti ìwé àyẹ̀wò jíjò tí wọ́n fi owú nù lára rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè mú méjèèjì wá, kó máa gbé e lọ.